Òjò Tí Kì Í Dá Lójú Fèrèsé

"Ewúrẹ́ ni," mo wí.

Ọkọ̀ tó bi mí léèrè yà fún ewúrẹ́ náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwòrán mìíràn já wọlé sójú kọ̀ǹpútà mi, láti ara ọkọ̀ mìíràn tó ti dúró gbagidi sáàárín títì.

"Àpò sìmẹ́ńtì tó ṣófo ni. Tẹ̀ ẹ́ kọjá."

"Ìbíyẹmí, mí kanlẹ̀," àga tí mo jókòó lé wí.

"Mo ti mí."

"Mí sí i. Wo fèrèsé rẹ."

Kí ènìyàn máa gba àṣẹ lẹ́nu àga tó fìdí lé, ìyẹn nìkan tó ohun tí ń bí ni nínú. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí mi, àga á mọ̀, nítorí láti ẹ̀yìn ló ti ń ka àyà àti èémí mi. Iná tó wà lápá rẹ̀ á kúrò ní àwọ̀ ewé, á di pupa, kọ̀ǹpútà á sì tì mọ́ mi lójú títí tí n ó fi rọ̀. Òfin Ìfàrabalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń dáhùn fún ọkọ̀ aláìníwakọ̀ kò gbọdọ̀ bínú, kó má baà lọ pe ọmọ ènìyàn ní àpò sìmẹ́ńtì.

Mo wo fèrèsé mi. Kì í ṣe èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé o. Ilé Ìdáhùn ti Ṣakí kò ní irú ẹ̀. Fídíò ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kì í sì í kú níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga, kí n lè rí nǹkan jẹ́jẹ́ fojú sinmi lé. Ìlà iwájú ní odò tó ń ṣàn. Ìlà ẹ̀yìn ní màlúù tó ń jẹko. Ìlà tiwa ní Màmá.

Ìyá àgbà kan ni, aránṣọ, tó ń jókòó nídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Òjò máa ń rọ̀ lórí páànù rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohùn òjò àti ohùn maṣíìnì nìkan ni wọ́n jẹ́ ká máa gbọ́. Ojú Màmá tutù. Mi ò rí i kó bínú rí. Bí àwọn ọkọ̀ bá da ìbéèrè bò mí, tí orí mi fẹ́ fọ́, n ó gbójú sókè, n ó rí i tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ara mi á sì wálẹ̀. Mi ò ní purọ́, ó ń tù mí lára.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àgbà ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wo ni yóò jókòó ti ìyá àgbà tó ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, tí kò ní kí i? Òfin sì ní a ò gbọdọ̀ bá fèrèsé sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn kan ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ro ẹjọ́ ọkọ wọn fún fèrèsé. Nítorí náà, bí ìlà wa bá ti wọlé láràárọ̀, àwọn ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, àwa obìnrin á tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó ń tún bàtà ṣe, a ó sì kùn ún sábẹ́ ètè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó jókòó. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, a ó wò ó bí ẹni tí kò nílé tó ti wá.

Màmá náà a máa ṣe tirẹ̀. Kó tó fẹsẹ̀ kan maṣíìnì, á gbójú sókè sí wa, ètè rẹ̀ á máa mira. A kì í gbọ́ ohun tó ń wí. Láníyọnu, tó jókòó lápá ọ̀tún mi, ní àdúrà ló ń gbà. Lójú tèmi, àwa ló ń dá lóhùn. Kí ni ìyá àgbà ìbá tún máa wí láàárọ̀ bí kò ṣe kó kí ènìyàn?

Lọ́jọ́ yìí, Láníyọnu ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìbíyẹmí." Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù ohun gbogbo sì ń bà á. "Ṣé Màmá ń sùn ni?"

Mo gbójú sókè. Orí Màmá wà lórí maṣíìnì. Apá rẹ̀ kan rọ̀ jọwọlọ sílẹ̀. Aṣọ elésè àlùkò tó máa ń rán lójoojúmọ́ kò sí níwájú rẹ̀ mọ́. Òjò ṣì ń rọ̀.

"O ti rí i kó sùn rí?" mo bi Láníyọnu.

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́."

"Wo ọwọ́ rẹ̀."

Ó wò ó.

Àga ti mọ̀ kí èmi fúnra mi tó mọ̀. "Ìbíyẹmí, ọkàn rẹ ń sáré. Wo fèrèsé rẹ."

"Fèrèsé ni mò ń wò!"

"Má pariwo. Wo fèrèsé rẹ, kí o sì mí kanlẹ̀."

"Obìnrin tó wà níbẹ̀ ló ti dákú sórí iṣẹ́! Ẹ pe ẹnì kan sí i!"

Iná apá àga di pupa. Kọ̀ǹpútà tì pa. Lẹ́yìn náà ni àga ṣe ohun tí mi ò ní forí rẹ̀ jì í títí ayé: ó ní fèrèsé yìí kò tù mí lára mọ́, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Màmá pòórá. Odò dé, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ láàárín òkúta, ẹyẹ kan sì ń ké níbì kan.

"Dá a padà!"

"Odò ń tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára," àga wí.

Mo bú àga. Mi ò ní kọ ohun tí mo bú u síbí.

Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Wọ́n tún yíjú padà kíákíá kí àga tiwọn má baà bá wọn wí. Ọ̀gá Fátókì ni mo ṣàdédé rí lẹ́yìn mi, obìnrin tó ń ṣàkóso wa, nínú sálúbàtà rírọ̀ tí kì í dún.

"Ìbíyẹmí, ọ̀rẹ́ mi," ó wí. "Kí ló dé?"

Ọ̀gá wa kì í pariwo. Wọn kì í fi ẹni tó ń pariwo jọ̀gá níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, bó bá sì ṣe ń rọ̀ sí i ni inú ṣe ń bí mi sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Màmá ojú fèrèsé wa ti dákú. Ẹ bá wa pe àwọn tó ni fèrèsé, kí wọ́n rán ènìyàn lọ bá a."

"Ìwọ nìkan lo rí i?"

"Láníyọnu náà rí i."

Ọ̀gá wo Láníyọnu. Láníyọnu wo ilẹ̀. "Ó jọ pé... ó jọ pé ó gbé orí lé maṣíìnì ni, mà."

"Ó gbé orí lé maṣíìnì," Ọ̀gá tún un sọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. "Àgbàlagbà ni. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà sọ ibi tó wà fún wa, mà."

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó máa lọ kí i ni."

"Ẹ bá wa fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, nígbà náà."

"A ó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tí iná rẹ̀ bá pupa. Fara balẹ̀ ná. Bó bá ti padà di àwọ̀ ewé, a ó jọ kọ ọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Kí n tó lè sọ pé ènìyàn ń kú lọ, àfi kí n kọ́kọ́ dà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Mo di ojú. Mo mí. Mo ronú kan bàbá mi, tó jókòó sílé nínú yàrá tí wọ́n fún mi nítorí ìwé ìjókòó mi, ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé náà, wọ́n á gba yàrá, kò sì sí ibi tí kọ̀ǹpútà wà ní gbogbo ilẹ̀ yìí tí wọ́n á tún ti gbà mí láyè kí n jókòó. Ọdún tí mo fi wá ìwé yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyẹn ló mú mi rọ̀. Odò kọ́. Iná padà di àwọ̀ ewé, kọ̀ǹpútà sì ṣí.

"Ọmọ dáadáa," Ọ̀gá wí. "Dáhùn àwọn ọkọ̀ tó ti kó jọ yìí ná, wọ́n ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, a ó kọ ẹ̀sùn."

Ó wọ́ sálúbàtà rẹ̀ lọ.

Nínú àwọn tó kó jọ yẹn ni mo ti rí i. Ọkọ̀ kan ti dúró ní Ìdí-Àràbà, lẹ́yìn ọjà àtijọ́. Ohun kan wà níwájú rẹ̀ láàárín títì, ó wú bí ẹni tó ká jọ, etí rẹ̀ kan sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. *Ènìyàn ni àbí ẹrù?* Aṣọ ni. Aṣọ elésè àlùkò ni, òwú aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ká ìṣẹ́tí rẹ̀. Títì yẹn gbẹ, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ bò ó, nítorí òjò kò tíì rọ̀ ní Ṣakí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé. Ṣùgbọ́n aṣọ náà tutù rinrin.

"Láníyọnu," mo wí. "Aṣọ Màmá nìyí."

Ó na ọrùn. Ẹnu rẹ̀ là. "Yéè! Òun ni."

"Ìdí-Àràbà ni. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí mò ń gbà lọ sílé ni!"

"Ìbíyẹmí, sọ pé aṣọ ni."

"Bí mo bá ní aṣọ ni, ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ kọjá, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní ènìyàn ló ṣubú, ọkọ̀ ìgbàlà á gbéra lójú ẹsẹ̀."

"Ṣùgbọ́n aṣọ ni! Ojú ara rẹ rí i pé aṣọ ni. O fẹ́ dáhùn èké? Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ṣé kí n délé lọ sọ fún bàbá mi pé mo rí ìyá arúgbó tó ń kú lọ, mo wá ń retí kí iná mi di àwọ̀ ewé?"

"Ọ̀gá ní a ó kọ ẹ̀sùn..."

"Láníyọnu, má jẹ̀ẹ́ kí n bú ìwọ náà."

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo mọ̀ pé kò burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Síbẹ̀ inú rẹ̀ bí mi.

"Ènìyàn ni," mo wí fún ẹ̀rọ. "Ó ti ṣubú."

Lórí ògiri iwájú, níbi tí wọ́n ya gbogbo títì ìlú sí, Ìdí-Àràbà di pupa yíká. Gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ dúró. Àga mi ní, "Ìdáhùn rẹ kò bá àwòrán mu. Jọ̀wọ́, dìde." Kó tó sọ ọ́ tán ló ti gbé ìdí sókè, ó sì da mí sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da omi àwẹ̀kù nù.

Mi ò dúró gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ Ọ̀gá. Mo sáré jáde.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, nítorí èmi fúnra mi ló dá ọkọ̀ dúró. Àwọn èrò yọ orí lójú ọkọ̀ kiri, wọ́n ń ṣépè fún òṣìṣẹ́ Ilé Ìdáhùn tó tì wọ́n mọ́lé sínú oòrùn. Obìnrin kan ní ẹni náà kò ní rí bá ti ṣé. Mo ṣe àmín fún un kó lè jẹ́ kí n kọjá. Inú ń bí mi sí àga, sí odò, sí Ọ̀gá, sí ẹsẹ̀ mi tí kò yá tó. Mo kàn ń wí kiri ọ̀nà pé kí Màmá ṣáà má tíì kú.

Mo gbọ́ òjò kí n tó rí i.

Gbogbo Ìdí-Àràbà gbẹ táútáú, ewé ara igi pàápàá ti funfun fún eruku, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kan wà láàárín wọn tí òjò ń rọ̀ sí. Òun nìkan ṣoṣo. Páìpù ni wọ́n tò yí òrùlé rẹ̀ ká, wọ́n lu páìpù náà níhò, omi sì ń dà láti ara rẹ̀ sórí páànù wàràwàrà. Èéhù aláwọ̀ ewé tí omi mú hù ti bo ara ògiri. Ẹnu ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì kò rí ẹ̀kán omi kan.

Ọkọ̀ ìgbàlà ti débẹ̀ ṣáájú mi, kékeré, funfun, ó na apá irin síwájú. "Ẹni tó ṣubú dà?" ló ń bèèrè. "Ẹni tó ṣubú dà?"

"Ìwọ lo máa ṣubú!" ohùn kan dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi! Ta ló sọ fún ọ pé ara mi ò yá?"

Màmá ni. Ó dúró ṣánṣán, ó di ìdí aṣọ mú, ó sì ń fi igi ìwọnṣọ gbá apá ẹ̀rọ náà. Mi ò mọ ìgbà tí mo wólẹ̀ sórí orúnkún mi nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lè ké e síta. Ohùn mi dún títí dé òdìkejì títì.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ta ni?"

"Ìbíyẹmí lorúkọ mi, mà. Mò ń... mo wà lára àwọn tó ń wò yín. Lójú fèrèsé."

Ó gbé igi sílẹ̀. "Ìwọ lo rán nǹkan yìí sí mi?"

"Mo rò pé ẹ dákú ni, mà."

"Dákú! Mo ju aṣọ burúkú yẹn sí títì ni. Mo gbé orí lé maṣíìnì, mo ní mi ò ṣe mọ́, kí wọ́n wá pa mí bó bá wù wọ́n." Ó yíjú sí ẹ̀rọ. "Kò sẹ́ni tó ṣubú níbí. Máa lọ."

"Ẹ ṣeun," ẹ̀rọ wí. "Ẹ fara balẹ̀." Ó ká apá rẹ̀, ó sì lọ.

"Wọlé kúrò nínú omi," Màmá wí fún mi. "Ṣé kí ìwọ náà bu bí aṣọ mi ni?"

Mo wọlé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló wà níbẹ̀: maṣíìnì, àga, ògiri aláwọ̀ ọ̀run. Ohun tí kámẹ́rà kò fi hàn wá rí ni igun kejì, níbi tí aṣọ àwọn oníbàárà ti kó jọ gègèrè, tí wọ́n ti bu, tí wọ́n sì ń rùn. Ariwo omi lórí páànù pọ̀ débi pé a ní láti máa pariwo ká tó gbọ́ra.

"Àwọn tó gbé kámẹ́rà síbí ló ní òjò ń tu àwọn òṣìṣẹ́ lára," Màmá wí. "Mo ní kò burú, mo rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ta ní í gbé aṣọ tuntun wá sábẹ́ òjò? Ta ní ń yà kí mi? Ènìyàn á dúró lókèèrè, á juwọ́, á sáré lọ. Oníbàárà mi tán. Wọ́n ní kí n ṣáà máa rán nǹkan, pé ẹ ò ní mọ̀. Aṣọ kan ṣoṣo yẹn ni mò ń rán lójú yín. Bí ẹ bá ti lọ tán, mo ń tú u."

"Ojú yín máa ń tutù, Màmá. Ẹ kì í bínú."

"Wọn ò jẹ́ kí n bínú ni! Wo àga yẹn. Bí mo bá ti fajú ro, á ní, 'Màmá, ẹ mí kanlẹ̀.'"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín. Gbogbo ọdún yìí, èmi ń wo ojú rẹ̀ kí n má baà bínú, òun náà kò sì gbọdọ̀ bínú nítorí pé èmi ń wò ó.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń dá wa lóhùn," mo wí. "Láràárọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ń kí yín, ẹ̀yin náà ń kí wa. A ń rí ètè yín."

"Ẹ ń kí mi?"

"Lójoojúmọ́, mà. Gbogbo ìlà wa."

Ó jókòó. Fún ìgbà díẹ̀ ojú rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó pòṣé. "Èmi ò mọ̀ pé ẹ ń kí mi. Kì í ṣe kíkí ni mò ń kí yín, ọmọ mi. Mò ń bẹ̀ yín ni. 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti omi yìí.' Ohun tí mò ń wí láràárọ̀ nìyẹn. Mo rò pé bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á gbọ́."

Mo bo ojú mi. Gbogbo wa, bá a ti pọ̀ tó, tí a jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé! Obìnrin ń ké gbà mí, a ní ó ń kí wa kú iṣẹ́.

"Ibo ni wọ́n ti ń tì í?" mo bi í.

"Ẹ̀yìnkùlé. Irin yíyí kan ni wọ́n fi ń tì í, ọwọ́ mi ò ká a. Àwọn aládùúgbò ò jẹ́ sún mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ìwé ìjókòó rẹ̀ lọ nìyẹn, ta sì ni kò ní ọmọ tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà?"

Ẹ̀gbà iṣẹ́ tí wọ́n fi ń pè wá, tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi, dún. Ohùn Ọ̀gá, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ló jáde níbẹ̀.

"Ìbíyẹmí, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò bínú. Mo mọ ibi tí o wà." Mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn Ọ̀gá, àwọn àga ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. "Àga Màmá ṣófo lójú fèrèsé, gbogbo ìlà yín ti pupa, kò sẹ́ni tó lè dáhùn, ọkọ̀ ti dúró káàkiri ìlú. Bá wa bẹ Màmá kó padà sídìí maṣíìnì. Bó bá ti jókòó, màá kọ ọ́ pé àṣìṣe ojú ni ìdáhùn tí o fún ọkọ̀. Àga rẹ ń dúró dè ọ́. Kò sì ní sí ohun tó máa ṣe bàbá rẹ."

"Omi tó ń dà lé e lórí ńkọ́, mà?"

"Ìyẹn, a ó fi ẹ̀sùn rẹ̀ ránṣẹ́."

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi etí ìró nu ọwọ́. "Bàbá rẹ ń bẹ?"

"Ó ń bẹ, mà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé."

"Hẹn." Ó wo maṣíìnì rẹ̀. "Bí o bá ní kí n padà jókòó, màá jókòó. Tìbínú-tìbínú ni o, ṣùgbọ́n màá jókòó. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ìwọ lo wá."

Inú bí mi sí òun náà nígbà yẹn, kí n sọ òótọ́. Kí ló dé tó gbé e lé mi lọ́wọ́? Ì bá pariwo mọ́ mi, ì bá lé mi jáde, kó rọrùn fún mi láti padà síbi iṣẹ́ mi. Mo rí bàbá mi lójú ọkàn mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí ẹrù wa níta. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá padà sórí àga yẹn lọ́la, Màmá á gbójú sókè sí mi láàárọ̀, ètè rẹ̀ á mira, èmi á sì mọ ohun tó ń wí.

"Ìbíyẹmí?" ohùn náà pè mí. "Fara balẹ̀ kí o tó dáhùn."

Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ náà, mo gbé e sórí aṣọ tó bu, mo sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Irin náà ti dípẹtà. Mo fi ọwọ́ lásán yí i, ó gé mi. Mo tú gèlè mi, mo fi wé e, mo tún yí i. Kò mira. Mo fẹsẹ̀ ti ògiri, mo ronú nípa àga, nípa odò, nípa ẹyẹ òṣì tó ń ké lójú odò yẹn, mo sì fi gbogbo ìbínú tí wọn ò jẹ́ kí n bí láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́ yí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó han, ó yí.

Omi náà fà sẹ́yìn lórí páànù. Ó di ẹ̀kán, ẹ̀kán náà sì já. Mo wá gbọ́ àdúgbò: ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó, ọmọdé ń sunkún, èrò inú ọkọ̀ ń ṣépè. Obìnrin ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú, ó wo òkè, ó wò mí, ó ní, "Àbí kí ni?" Nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi tó ń kà á jẹ́jẹ́ fún aṣọ pé ìwé ìjókòó Ìbíyẹmí ti parí lónìí, kí ó jọ̀wọ́ dá aṣọ iṣẹ́ padà.

Mo wọlé. Màmá dúró síbi tí mo fi í sí, ó gbé etí sókè, ó ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lórí páànù rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n dá aṣọ iṣẹ́ padà," mo wí fún un. "Mi ò ní aṣọ gidi kan nílé, Màmá. Ẹ wọ̀n mí."

Màmá fa dúrọ́ọ̀ maṣíìnì, ó mú téèpù jáde, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, ó sì wá dúró sẹ́yìn mi. Ó na téèpù náà lé èjìká mi. Ó bọ́. Ó tún un nà.

"Dúró dáadáa," ó wí. "Kí ló ń gbọ̀n ọ́ báyìí?"

"Inú ló ń bí mi, mà."

"Ó ń bí èmi náà." Etí téèpù ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Bínú, ọmọ mi. Bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n má mira, kí n lè rí èjìká rẹ wọ̀n."